Afẹ́fẹ́ Tó Ń Jò Lábẹ́ Típà Kánjú

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Màámi ní kí n lọ máa ṣe ọwọ́ fún Bàbá Bíréèkì, ẹ̀gbọ́n wọn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, "Lọ máa ṣe ọwọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi," bí ẹni pé mo ní ọwọ́ mìíràn tí mo kó pa mọ́ sínú àpótí. Bàbá yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn tírélà kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, apá ọ̀tún wọn kán, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ǹtì funfun dì í láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ti gba òmìnira lọ. Ta ló kù? Èmi ọmọbìnrin wọn, tí mi ò lọ síléèwé mọ́. Ẹni tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́, gbogbo ayé ló ń níṣẹ́ fún un.

Mo ní, "Màámi, mi ò mọ nǹkan kan nípa bíréèkì o."

Wọ́n ní, "Ìwé tó o lọ kà ńkọ́, kí lo mọ̀ nípa ẹ̀?"

Mo gbá ilẹ̀kùn dé gbàgà. Wọ́n ní kí n padà wá tì í bí ọmọ èèyàn. Mo padà, mo tì í bí ọmọ èèyàn. Ayé mi rèé.

Ìṣẹ́gun, 3

Iṣẹ́ mi láàárọ̀ ni kí n wọ abẹ́ gbogbo ọkọ̀ tó bá sùn sọ́gbà, kí n fa okùn ìdí tánkì afẹ́fẹ́ tó ń mú bíréèkì ṣiṣẹ́ kí omi inú ẹ̀ lè jáde. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n gbé ojú kúrò. Omi dúdú, òróró, òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, gbogbo ẹ̀ fọ́n sí mi lójú. Bàbá jókòó sórí àga rọ́bà wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí sìmẹ́ǹtì ń mì.

"Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó! Tánkì kí ẹ káàárọ̀!"

Orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn, torí pé mo máa ń na ẹnu síta bí inú bá ń bí mi. Wọ́n ní omi tí a ò bá yọ lónìí ló máa dọ̀tá páìpù lọ́la. Mo ti gbọ́. Ojú mi ṣì ń ta mí.

Ẹtì, 6

Mo wà lábẹ́ ọkọ̀, mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹrẹ̀ ń wọ aṣọ mi. Bàbá wà lórí àga, wọ́n ń pariwo.

"Òsì! Mo ní tú nọ́ọ̀tì òsì!"

"Òsì tèmi àbí òsì tiyín?"

"Òsì ọkọ̀!"

"Bàbá, mo sùn. Òsì mi ti di ọ̀tún."

"Ṣé ọkọ̀ náà sùn ni?"

Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín débi pé iná bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì tí kò yẹ kí n tú. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo wà yìí, síbẹ̀ mi ò rí nǹkan kan.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnì, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Wẹ́dà dáwọ́ dúró, wọ́n pa réédíò, kódà ẹni tó ń fọ táyà di àgbá omi ẹ̀ mú. Bàbá ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n dijú, wọ́n ń gbọ́ bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. Wọ́n wá yọ orí wọn, wọ́n ní, "Kò jò." Awakọ̀ dọ̀bálẹ̀. Torí etí yẹn làwọn èèyàn ṣe ń wa ọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Níbòmíràn, ọṣẹ ni wọ́n ń pò, tí wọ́n á fi ra ojú ìsopọ̀ páìpù kí wọ́n lè rí ibi tó ń hó. Bàbá ò gba ọṣẹ láyè lọ́gbà wa. Wọ́n ní ọṣẹ wà fún ẹni tí Ọlọ́run ò fún létí.

Ọjọ́rú, 11

Òjò dá díẹ̀. Kánjú gbé típà ẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá kan náà. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí "ó" ni màá pè é, kò kúkú lè kà á.

Títí di oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Ní báyìí Ọlọ́kọ̀ ti gbé típà lé e lọ́wọ́, inú ẹ̀ dùn bí ẹni tó bí ìbejì. Ọjọ́ Ajé, 23, ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. A ń rí ojú ọ̀nà òkè náà láti ọgbà wa, ó pupa, ó dúró ṣánṣán bí àkàbà. Ọlọ́kọ̀ ní kí Bàbá yẹ bíréèkì wò ná.

A dákẹ́. Kánjú tẹ bíréèkì. Bàbá ti orí bọ abẹ́ ẹ̀, èmi náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Kò jò," Bàbá wí.

Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ. Ó rọra ń dún ssss, bíi ti Màámi nígbà tí wọ́n bá ń pòṣé sí mi láti inú yàrá kejì.

Mo ní, "Bàbá, mò ń gbọ́ nǹkan kan o."

"Òjò lò ń gbọ́."

Òjò ò rọ̀.

Mo gòkè lọ bá Kánjú, mo wo géèjì afẹ́fẹ́. Bó ṣe tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí oorun ń kùn.

Kánjú ní, "Géèjì yẹn? Òpùrọ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Bàbá ní, "Ẹ ò rí i? Géèjì lè purọ́. Etí mi kì í purọ́."

Ọjọ́bọ̀, 12

A pààrọ̀ géèjì. Iye tí wọ́n ń tà á báyìí, ó yẹ kó lè máa kọrin. Mo so ó mọ́ ọkọ̀, mo gé ìka mi méjì. Kánjú tẹ bíréèkì. Abẹ́rẹ́ tuntun náà lọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti àtijọ́.

Bàbá ní ilé òpùrọ́ kan náà ni wọ́n ti ṣe àwọn méjèèjì.

Mo bi wọ́n bóyá kí n po ọṣẹ díẹ̀. Bí wọ́n ṣe wò mí, ẹ óò rò pé mo ní kí n ta ilé wọn.

Àbámẹ́ta, 14



Bàbá rán mi ní sípánà tó tóbi, mo gbé e wá. Wọ́n ní kì í ṣe òun. Mo gbé òmíràn wá. Kì í ṣe òun. Mo gbé ẹ̀kẹta wá, wọ́n ní àkọ́kọ́ yẹn náà ni. Orí mi gbóná. Mo dúró sẹ́yìn àga wọn, n kò mọ ìgbà tí mo pòṣé. Kì í ṣe òṣé kékeré. Òṣé tó gùn, tó fa gbogbo eyín.

Ara mi wá kú. Èmi! Mo pòṣé sí àgbàlagbà, sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, lẹ́yìn orí wọn! Mo dijú de ìgbátí. Mo ń retí ọwọ́ òsì wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń wo òpópónà. Wẹ́dà ló gbọ́ láti ọ̀nà tó jìn, ó gbé ojú sókè, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀.

Mo tún un pa. Jẹ́jẹ́, mo súnmọ́ etí wọn. Ẹ̀gún á gún mi lẹ́nu torí ẹ̀. Bàbá kàn ń fi ọwọ́ òsì họ ìdí sìmẹ́ǹtì.

Wọ́n ń gbọ́ tí mo bá pariwo. Wọ́n ń gbọ́ òòlù, wọ́n ń gbọ́ àrá. Ṣùgbọ́n òṣé, wọn ò gbọ́ ọ. Bí wọn ò bá gbọ́ òṣé, wọn ò lè gbọ́ afẹ́fẹ́.

Àìkú, 15

Mo fẹ́ sọ fún Màámi. Mo ní, "Màámi, etí Bàbá…"

Wọ́n ní, "Etí Bàbá ló tọ́ ọ dàgbà. Bọ̀wọ̀ fún un."

Ó parí.

Ajé, 16

Bàbá lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n lè wo apá wọn. Mo yá ọṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ táyà, mo pò ó sínú ike, mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Kánjú ń fọ gíláàsì ọkọ̀ ẹ̀. Mo ní kó wá bá mi tẹ bíréèkì.

"Kí ni o fẹ́ ṣe? Bàbá ti ní kò jò."

"Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ fún mi, Bọ̀dá."

"Ọwọ́ mi dí."

"Ẹsẹ̀ yín ni mo tọrọ."

Ó gòkè, ó tẹ̀ ẹ́, ó ń kùn. Mo wọ abẹ́. Mo ra ọṣẹ sí ibi gbogbo tí páìpù ti sopọ̀, kò hó. Mo tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn, títí dé òkè ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, lẹ́yìn tánkì, níbi tí ọwọ́ ò ti fẹ́ẹ́ dé. Ọwọ́ mi kan nǹkan kan tó rọ̀, tó dì mọ́ páìpù. Mo da ọṣẹ sí i. Ó hó bí ẹni ń fọṣọ.

Rọ́bà túùbù táyà ni, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n wé e mọ́ páìpù lọ́nà mẹ́rin márùn-ún. Mo tú u. Páìpù náà ti là lábẹ́ ẹ̀. Ara irin ni ó ti ń ha títí tó fi là.

"Ta ló di èyí?"

Kánjú sọ̀kalẹ̀, ó lóṣòó, a ń wo ara wa láàárín táyà méjì.

"Èmi ni."

"Ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé e fún mi. Gbọ́, àbúrò mi. Bí Ọlọ́kọ̀ bá gbọ́ pé mo ti ba ọkọ̀ jẹ́ láàárín oṣù kan, á gbé e fún ẹlòmíràn. Àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ fún típà yìí pọ̀ ju òkúta orí òkè lọ. Jẹ́ kí n kó ẹrù díẹ̀ ná. Màá fi owó ara mi ra páìpù."

"Orí òkè yẹn ńkọ́? Láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹsẹ̀ yín máa wà lórí bíréèkì. Gbogbo ìgbà tó bá fi wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń tán lọ."

"Mo dì í dáadáa."

"Ó ń hó!"

"Mo bẹ̀ ẹ́. Dì í padà."

Kò bẹ̀ mí rí láyé. Mo dì í padà. Mo kọ ọ́ síbí torí pé bí mo bá purọ́ fún ìwé náà, ta ló kù tí mo lè bá sọ̀rọ̀?

Ọjọ́bọ̀, 19

Òjò ńlá, ọgbà di odò. Ọlọ́kọ̀ wá pẹ̀lú agboòrùn àti bàtà funfun. Ta ló ń wọ bàtà funfun wá sọ́gbà mẹkáníìkì?

"Bàbá, ṣé kí ọkọ̀ mi máa lọ sórí òkè lọ́jọ́ Ajé?"

A tún dákẹ́. Bàbá tún ti orí bọ abẹ́ ẹ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ssss. Ó dún débi tí mo rò pé Ọlọ́kọ̀ náà máa gbọ́, ṣùgbọ́n òjò ń lu agboòrùn ẹ̀.

"Kò jò."

"Ó ti tán. Etí Bàbá ti sọ̀rọ̀." Ó bọ Kánjú lọ́wọ́. Kánjú wò mí. Èmi ń wo bàtà funfun.

Inú ń bí mi sí gbogbo wọn. Sí Bàbá, tí wọ́n mọ̀ pé etí wọn ò gbọ́ mọ́ — kò lè ṣe kí wọ́n má mọ̀. Sí Kánjú. Sí Ọlọ́kọ̀ tí kò gbé ara ẹ̀ sílẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ tiẹ̀. Sí ẹnu mi yìí, tó máa ń nà síta fún ohun tí kò tó nǹkan, tó wá pa dé lọ́jọ́ tí mo nílò ẹ̀.

Ẹtì, 20

Mi ò lè jẹun. Màámi ní ṣé kì í ṣe oyún.

Àbámẹ́ta, 21

Oòrùn yọ. Kánjú ti ń fọ típà láti àárọ̀, ó ń súfèé, ó ti kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà: KÁNJÚ TI DÉ. Bó ṣe ń súfèé yẹn ló dá mi lágara. Mo fi sípánà sílẹ̀, mo lọ bá Bàbá lórí àga wọn, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ abẹ́ típà."

"Pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì yìí? Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n wò mí, wọ́n sì dìde. Bóyá torí pé mi ò na ẹnu síta. Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n rọra dùbúlẹ̀ lé e, mo fà wọ́n wọlé bí ẹni ń fa àpò ìyẹ̀fun. Súfèé dákẹ́.

"Bọ̀dá, ẹ tẹ bíréèkì," mo pariwo láti ìsàlẹ̀.

Mo fi ọwọ́ gbá ìdí ọkọ̀.

"Bọ̀dá!"

"Kò sídìí fún un," Kánjú dáhùn. "Bàbá ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì."

Bàbá fúnra wọn ló sọ̀rọ̀. "Kánjú. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo da omi sẹ́yìn ọwọ́ òsì wọn, mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú, mo gbé e lọ sókè, sẹ́yìn tánkì, síbi rọ́bà yẹn. Ọwọ́ tó tutù máa ń mọ atẹ́gùn. Mo rí i nígbà tó kan wọ́n. Ojú wọn kọ́kọ́ dà bíi ti ẹni tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ó wálẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tó báyìí?"

"Láti ọjọ́ tó ti dé, Bàbá."

"O sì ń gbọ́ ọ."

"Mò ń gbọ́ ọ."

Wọn ò gbé ọwọ́ wọn kúrò. Ẹrẹ̀ ń kán sórí sìmẹ́ǹtì.

"Báwo ló ṣe ń dún?"

Mo fi ẹnu mi ṣe é fún wọn: ssss. Wọ́n ń wo ètè mi.

"Mi ò gbọ́ ìyẹn náà," wọ́n wí.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún àgbàlagbà nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé, kò sì sí nínú ohun tí Màámi kọ́ mi. Mo kàn nu ọwọ́ wọn pẹ̀lú àkísà.

Nígbà tí mo fà wọ́n jáde, wọ́n ní kí n pe Ọlọ́kọ̀ lórí fóònù. Wọn ò rìn lọ sí kọ̀rọ̀. Wọ́n dúró sí àárín ọgbà, wọ́n sì ń pariwo bí wọ́n ṣe máa ń pariwo, wẹ́dà ń gbọ́, ẹni tó ń fọ táyà ń gbọ́.

"Ọkọ̀ yín ò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kò jò, àṣìṣe ni. Ó ń jò. Etí mi ò gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Ọmọ àbúrò mi ló gbọ́ ọ. Mo ní etí mi ò gbọ́ ọ mọ́! Ṣé kí n tún un sọ nígbà kẹta ni?"

Wọn ò dárúkọ rọ́bà. Wọ́n kàn na rọ́bà náà, tí wọ́n ti fà tú lábẹ́ ọkọ̀, sí Kánjú, wọ́n ní, "Gba nǹkan ẹ." Kánjú gbà á, ó kọjá lára mi bí ẹni ń kọjá lára òpó iná.

Ajé, 23

Típà mìíràn ló gba ẹrù tó yẹ kó jẹ́ ti Kánjú. A rí i tó ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè. Kánjú wà nílé, ó kọjú sí ògiri. Màámi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ni mo ṣe? Wọ́n ní àbúrò ni ọ́. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Ìṣẹ́gun, 24

Páìpù tuntun dé. Ọlọ́kọ̀ sanwó ẹ̀ bí ẹni ń fa eyín. A yọ gbogbo ti àtijọ́ láti ẹ̀yìn tánkì dé ọ̀dọ̀ táyà. Nọ́ọ̀tì kan ti dípẹtà, ó gbà mí ní gbogbo òwúrọ̀ àti awọ ọwọ́ mi. Mo wá gé páìpù tuntun. Ó kúrú.

"Wọ̀n ọ́n kó o tó gé e!"

"Mo wọ̀n ọ́n!"

"Kí lo fi wọ̀n ọ́n? Ìbínú?"

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ẹ̀rín ń pa Bàbá. Nígbà tó yá ẹ̀rín pa èmi náà, ìyẹn ló tún bí mi nínú jù. A dúpẹ́ pé ó ṣẹ́kù. Mo gé òmíràn, mo gbé e gba ibi tí irin ò ti ní ha á, mo dì í mọ́ ṣásí, irin tó gbé ọkọ̀ dúró, kó má bàa máa jó kiri.

Ọjọ́rú, 25

Kánjú wá. Kò kí mi. Ó pa ẹ́ńjìnì, ó tẹ bíréèkì. Abẹ́rẹ́ géèjì dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Bàbá ò bẹ̀rẹ̀, wọn ò ti orí bọ ibì kankan. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ọṣẹ ńkọ́?" Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó gbé oògùn kíkorò mì. "Lọ pò ó. Kó dá èmi náà lójú."

Kò hó níbì kankan.

Ajé, 30

Ọlọ́kọ̀ gbé típà fún Kánjú padà, ó ní ẹ̀rín mẹ́ta ni kò tíì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mi ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, Kánjú náà ò mọ̀, ó ṣáà gba kọ́kọ́rọ́. Bàbá ní ẹni tó so páìpù ló máa tẹ̀ lé ọkọ̀ nírìn-àjò àkọ́kọ́. Mo ní ìgbà wo ni òfin yẹn bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní òní.

Òjò ti rọ̀, ojú ọ̀nà ń yọ̀. Wọ́n da òkúta sẹ́yìn wa títí tí ọkọ̀ fi kérora. Kánjú ò bá mi sọ̀rọ̀, mi ò bá a sọ̀rọ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Mò ń wo géèjì, ó ń wo ọ̀nà. Òógùn bo imú ẹ̀.

Ní ìdajì òkè, níbi tí ọ̀nà ti yí, típà kan ti bà jẹ́ dúró gbagidi sí àárín ọ̀nà, awakọ̀ ẹ̀ ń ju ọwọ́. Ọ̀gbun ló wà lápá kejì. Kánjú gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Òkúta sún gbàrà lẹ́yìn wa. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ọkọ̀ dúró. Mo rí ojú awakọ̀ yẹn kedere, mo lè ka eyín ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ wà níbi tó wà.

Kánjú lanu. "Ṣé kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò?"

"Ẹ má tíì gbé e. Wọn ò tíì sún ti iwájú yẹn kúrò."

A jókòó síbẹ̀, àwọn èèyàn ń tì, wọ́n ń bú ara wọn. Mo wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ̀n lórí bíréèkì, láti orúnkún dé bàtà, kò lè dá a dúró. Ọkọ̀ ò mì.